Ẹkún Tó Ṣáájú Òkú

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú tí ìròyìn dé pé Yotamu Shawa ti kú, Yotamu Shawa jókòó sí etí ibùsùn rẹ̀ ní Mandevu, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà nítorí ife omi kan.

"N kò ní kí o fún mi ní odidi ife," ni ó wí. "Ìdajì ni mo ní."

"Ìdajì lo mu nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́."

"Ìyẹn ti bá òógùn lọ."

"Òógùn wo? Ẹsẹ̀ rẹ ló gbà á. Wò ó."

Esnart fi ìka kan tẹ kókósẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ibi tí ó tẹ̀ jìn wọlé bí ẹni fi ìka ti nshima, òkèlè àgbàdo gbígbóná, kò sì tètè kún padà. Àwọn méjèèjì ń wo ihò kékeré náà.

Kíndìnrín Yotamu méjèèjì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ kan ní ilé ìwòsàn ìjọba ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bí ẹ̀rọ bá ṣeé lò. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò ṣeé lò. Wọ́n ní oògùn tí wọ́n ń pò sínú rẹ̀ ti tán, pé ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀ ṣì wà ní ẹnubodè. Wọ́n ní kí àwọn aláìsàn máa lọ sílé. Wọ́n lọ sílé. Ní àná ni wọ́n ránṣẹ́ pé oògùn ti dé, pé aago mọ́kànlá òwúrọ̀ yìí ni ti Yotamu. Esnart kò sùn. Gbogbo òru ni ó fi ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń mí, bí ẹni tó ru àpò ìyẹ̀fun gun òkè. Ó mọ̀ pé bí kò bá bọ́ sórí àga ẹ̀rọ yẹn lónìí, kò sí òmíràn.

"Ó dára," ni Yotamu wí. "Bí mo bá dé ọ̀run, tí wọ́n bi mí pé kí ló pa mí, màá ní ìyàwó mi ni. Ife yẹn ni màá fi ṣe ẹlẹ́rìí."

"Wọn ò ní gbà ọ́ gbọ́. Wọ́n ti mọ̀ ọ́ níbẹ̀."

Esnart ń wá bàtà tí ẹsẹ̀ wíwú náà lè wọ̀ nígbà tí igbe ta níta. Ó kọ́kọ́ rò pé ilé ẹlòmíràn ni. Obìnrin kan ń ké "Mayo! Mayo wee!" bí àwọn obìnrin ṣe ń ké nígbà tí wọ́n bá káwọ́ lérí. Igbe náà ń súnmọ́. Ìlẹ̀kùn ilé ṣí, ohun kan ṣubú gbì sórí ilẹ̀ yàrá ìgbàlejò, ẹsẹ̀ púpọ̀ sì wọlé tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Esnart yóò fi jáde, Ìyá Chisomo, aládùúgbò wọn, ti dùbúlẹ̀ gbalaja. Àwọn obìnrin ìjọ ti jókòó sílẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn gbọọrọ, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì sì ti gbé àga ńlá dé ẹnu ọ̀nà. Ilé tí òkú bá wà, a kì í fi àga sílẹ̀ níbẹ̀.

"Kí ló dé?"

Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n fà á lọ sílẹ̀. "Jókòó, ọmọ mi. Má dúró. Jókòó sílẹ̀."

Ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Chipata. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pẹ̀lú wọn kí ó tó rántí béèrè. "Ta ni? Ẹ sọ fún mi, ta ni?"

"Bàbá Tandiwe ni," ni Ìyá Chisomo ké. "Yotamu wa! Ta ni yóò máa pa wá lẹ́rìn-ín?"

Ohùn kan dáhùn láti inú yàrá. "Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè, ìgbà wo ni mo kú? Láti àárọ̀ ni mo ti ń tọrọ omi."

Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ń ti ara wọn lójú ọ̀nà, ẹnìkan sì sá jáde láìmú bàtà rẹ̀.

Tandiwe, ọmọ wọn obìnrin, ló mú fóònù wá. Gbogbo ìgboro ti gbọ́, gbogbo ìgboro ti rí i. Nínú fóònù náà, Kasonde, ọ̀rẹ́ Yotamu tí wọ́n jọ ń ṣe eré ẹ̀fẹ̀, dúró lórí pèpéle, ó di fìlà rẹ̀ mú láyà. "Ẹ̀yin ará," ni ó ń wí, "Mbeba ti kú. Yotamu Shawa, ọ̀rẹ́ mi, ti kú." Omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó parí síbẹ̀.

Esnart wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ Ngoni ni Yotamu, ọmọ Bemba ni Kasonde. Àwọn bàbá ńlá wọn ti fi ọ̀kọ̀ gún ara wọn rí, nígbà tó sì rẹ̀ wọ́n, wọ́n ní láti òní lọ, ẹnu ni a ó máa fi jà. Nítorí náà ni ọmọ Bemba ṣe lè wọ ilé òkú Ngoni, kí ó fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tó sùn sí, kí ẹnikẹ́ni má sì bínú. Ẹ̀fẹ̀ yìí ni Yotamu àti Kasonde gbé lọ sórí pèpéle, tí wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n ní Ngoni ń jẹ eku, Bemba ń jẹ ọ̀bọ. Yotamu tilẹ̀ gba orúkọ eku náà, Mbeba, ó fi ṣe orúkọ iṣẹ́. Ní alẹ́ àná, wọ́n pe èrò jọ ní ìgboro láti ran Yotamu lọ́wọ́. Kasonde bẹ̀rẹ̀ bí àsúwánì, ẹni tí a ń bá ṣe ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ó kéde ikú. Lẹ́yìn náà ló ní eku ni Mbeba ń lé tó fi já sínú ihò, pé ìdílé eku náà ń ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé fóònù sókè gbé e wálẹ̀ kí ẹ̀rín tó dé. Omijé náà sì rèé, òótọ́ ni.

Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Ilẹ̀ sì ti gbà á.

"Bàbá Tandiwe, ẹ forí jì wá," ni Ìyá Chisomo ń wí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. "Mo sọ nínú ọkàn mi pé, rárá, mo gbọ́ ikọ́ wọn lánàá. Ṣùgbọ́n fóònù sọ pé wọ́n kú."

"Ó yẹ kí o gba fóònù gbọ́," ni Yotamu wí. "Ikọ́ máa ń purọ́."

Esnart kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá wa gbé àga wọlé," ni ó wí. "A ní ibi tí a ń lọ."

Kò sẹ́ni tó gbé àga wọlé, nítorí ènìyàn ṣì ń dé. Àwọn ọkùnrin ti dáná sí ìta, wọ́n jókòó yí i ká. Obìnrin kan ru ìyẹ̀fun àgbàdo wá láti òpópónà kejì, ó ti sunkún débi pé kò gbọ́ nígbà tí wọ́n sọ fún un pé olóògbé wà nínú ilé, ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Fóònù kò dákẹ́. Bí Tandiwe bá ti pa ti ẹnìkan, ti ẹlòmíràn á wọlé, wọ́n ń kẹ́dùn láti Kabwe, láti Kitwe, láti ibi tí wọn kò mọ̀.

Nígbà náà ni Màmá Zelipa dé, àbúrò bàbá Yotamu, obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà. Ó ti rìn láti Chaisa láìdúró. Ó wọ yàrá lọ tààrà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú Yotamu mú bí ẹni ń wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jà, ó tú u sílẹ̀, ó sì gbá a létí.

"Màmá, kí ni mo ṣe?"

"O bà mí nínú jẹ́." Ó yíjú sí Esnart. "Wọ́n ní ẹ ń gbé e lọ. Síbo?"

"Ilé ìwòsàn, Màmá. Aago mọ́kànlá ni tiwa."

"Ilé ìwòsàn tó ní kí ẹ máa lọ sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹ ń sáré bá?" Ó tún aṣọ rẹ̀ ró. "Gbọ́, ìyàwó. Wọ́n ti sunkún ọmọ mi láàyè. A kì í kó irú ẹkún bẹ́ẹ̀ padà sílé lásán. Kí ó jáde sí wọn, kí wọ́n rí i, kí ó jẹun lójú wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ikú á máa rò pé a ti pè é."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Bí a bá ti ibẹ̀ dé lálẹ́ ńkọ́?"

"Òkèlè kan ṣoṣo. Ṣé òkèlè kan ló máa gba ọjọ́ mọ́ yín lọ́wọ́?"

Esnart wo ọkọ rẹ̀. Yotamu ń wo ẹnu ọ̀nà. Ní ìta, èrò ń hùn bí oyin.

"Wọ́n pọ̀ o," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Yotamu, rárá."

"Òkèlè kan."

Ó jáde, ọwọ́ kan ní èjìká Esnart, ọwọ́ kejì lára ògiri. Nígbà tí àwọn ènìyàn rí i, tí ìró wọn yí padà, Esnart mọ̀ ọ́n lára: ọwọ́ tó wúwo léjìká rẹ̀ fúyẹ́. Ó ti rí i rí lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ní ilé ọtí, ní ìgbéyàwó, nínú àgọ́ òjò. Ibà ì báà mú ọkùnrin yìí, kó sì máa gbọ̀n. Bó bá ti gbọ́ èrò, ẹ̀yìn rẹ̀ á nà.

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá," ni Yotamu wí. "Lọ́jọ́ tí mo gbé eré wá sí gbọ̀ngàn Mandevu níbí, iye èrò tó wá, mo mọ orúkọ gbogbo wọn. Ìyàwó mi wà nínú wọn. Ẹ wo bí ẹ ṣe kún lónìí! Ká ní mo ti mọ̀ ni, ó ti pẹ́ tí ǹ bá ti kú."

Àwọn ọkùnrin ìdí iná ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Chisomo, ìwọ lo kọ́kọ́ ké."

"Èmi ni, bàbá. Ọkàn mi ló bàjẹ́."

"Mo gbọ́ ọ, o ní ta ni yóò máa pa yín lẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí a ti ń gbé pọ̀, ohun tí o máa ń sọ fún mi láti orí ògiri ni pé kí n dín ariwo kù."

Ìyá Chisomo da aṣọ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ẹgbẹ́ akọrin ńkọ́? Ẹ káàbọ̀. Mo gbọ́ orin tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Mo ní, Olúwa, bó bá jẹ́ báyìí ni wọ́n ń kọ ọ́ lọ́run, ẹ jẹ́ kí n ṣì máa ṣàìsàn ná."

Wọ́n ń lu ara wọn lẹ́yìn. Àwọn tó wà ní òpópónà rọ́ wọlé. Yotamu dúró, ó ń wá èémí. Wọ́n rò pé ó ń ṣe é ni, wọ́n túbọ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbé àga mi síta. Ó dára, àṣà ni. Ta ló gbé adìyẹ mi?"

Ọkùnrin kan na ọwọ́ sókè níbi iná. "Ó ti wà nínú ìkòkò, bàbá."

"Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará! Èmi jíǹde. Adìyẹ ńkọ́?"

Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé àwọn ọmọ tó ń kọjá lọ sí ilé ìwé ọ̀sán dúró. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Esnart wá rí i lónìí pé bí a bá ń rẹ́rìn-ín, a kì í rí. Kò sẹ́ni tó rí i pé ètè Yotamu ti di eérú. Òun rí i. Ó ń bojú wẹ̀yìn wo aago tó wà lára ògiri yàrá ìgbàlejò. Ó fà á láṣọ lẹ́yìn, ó tún fà á.

Màmá Zelipa gbé àwo dé. Nshima ni, àti ẹ̀fọ́ ewé elégédé.

"Kì í jẹ ẹ̀fọ́ yẹn mọ́, Màmá," ni Esnart wí. "Dókítà ní ó ń ṣe ọkàn rẹ̀ léṣe."

"Ẹ̀fọ́ tí mo fi tọ́ ọ? Dókítà wo ló tọ́ ọ pẹ̀lú mi?"

Yotamu bu òkèlè, ó fi í kan ẹ̀fọ́, ó sọ ọ́ sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Kò fẹ́ lọ. Nígbà tó gbé e mì, àwọn obìnrin hó ìhó ayọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, Màmá Zelipa sì fi orí kan ilẹ̀, ó dúpẹ́. Yotamu rẹ́rìn-ín sí wọn. Lẹ́yìn náà ló sọ fún Esnart lábẹ́ èémí, "Mú mi lọ. N kò rí wọn dáadáa mọ́."

Kasonde dé pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ó wólẹ̀ sínú eruku níwájú Esnart. "Ìyàwó wa, mo bẹ̀ ọ́. N kò mọ̀ pé ẹnìkan á gé e. Mo sọ ìyókù, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mo sọ ìyókù."

Esnart ṣí ìlẹ̀kùn mọ́tò fúnra rẹ̀.

"Dìde, ajẹ̀ọ̀bọ," ni Yotamu wí. "O ń fi ṣòkòtò rẹ gbálẹ̀."

Ọ̀nà kò yá rárá. Wọ́n ń tún ọ̀nà ńlá ṣe, àwọn bọ́ọ̀sì sì to ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Kasonde ń fi ọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀, ó ń bẹ àwọn tó wà níwájú, ó ń bú wọn. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, aago méjìlá ti ń lọ. Kasonde gbé Yotamu sẹ́yìn gun àtẹ̀gùn, nítorí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ agbéniròkè ti lọ jẹun.

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà rí wọn, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Wọ́n ní ẹ ti kú," ni ó wí.

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀ náà," ni Yotamu wí.

"A sunkún níbí. Èmi fúnra mi sunkún." Ó ti ń di ọrùn ọwọ́ Yotamu mú bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì ń yí padà. "Mo pè yín. Ọlọ́run gbọ́, mo pè yín títí láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, fóònù yín kò ráyè."

"Àwọn tó ń bá wa kẹ́dùn ni," ni Esnart wí. "Sístà, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ó ti pẹ́ jù."

Nọ́ọ̀sì kò kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ̀rọ márùn-ún ló wà nínú wọ́ọ̀dù náà. Mẹ́ta dojú kọ ògiri láti ọdún tó kọjá, wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò tún wọn ṣe. Nínú méjì tó ń ṣiṣẹ́, bàbá arúgbó kan wà ní ìdí ọ̀kan. Ní ìdí èkejì, lórí àga Yotamu, ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Mwangala, tíṣà ni, ará Mongu. Ó ti ń jókòó sórí bẹ́ńṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìgbà òjò. Àga kì í ṣófo níbẹ̀ àfi bí ẹnìkan bá kú. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára ògiri, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wà lórí bẹ́ńṣì tí kò mọ̀ ọ́n, wọn a sì máa kí àwọn tó ń wọlé láràárọ̀ pé, "Ṣé ara le?"

"Ẹ yọ ọ́," ni Esnart wí.

"Màmá, n kò lè ṣe é. A ti so ó mọ́ ọn. Ohun tí mo bá ti lò fún un kò ṣeé lò fún ẹlòmíràn, ìwọ̀nba sì ni wọ́n kó wá. Bó bá parí ní aago mẹ́ta, ọkọ yín ló kàn. Mo búra."

"Ẹ wo bí ó ṣe ń mí!"

"Mo rí i." Ó rìn kánmọ́kánmọ́ lọ sí wọ́ọ̀dù kejì láti wá àgbá afẹ́fẹ́. Nígbà tó padà, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó ní dókítà ń bọ̀.

Esnart wọlé kọjá lára rẹ̀. Ó dúró ti ọmọbìnrin náà lórí. "O mọ àga ẹni tí o jókòó lé?"

Mwangala kò la ojú. "Mo mọ̀, màmá. Mo máa ń gbọ́ wọn lórí rédíò." Ẹnu rẹ̀ gbẹ. "Nígbà tí wọ́n ní wọ́n kú, mo sunkún. Lẹ́yìn náà wọ́n pe orúkọ mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹkún yẹn kò tíì gbẹ lójú mi, màmá, tí mo ti ń dúpẹ́."

Esnart ṣí ẹnu. Ọ̀rọ̀ burúkú kan wà níbẹ̀, ó ti gòkè wá.

"Esnart." Yotamu ni, láti orí bẹ́ńṣì. "Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Èmi ni mo pẹ́. Ibi eré ni mo wà."

Ó padà lọ jókòó tì í. Yotamu wà láàárín, Esnart ní ọ̀tún, Kasonde ní òsì, bí àwọn ènìyàn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì ti sún fún wọn. Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnìkejì.

"Mbeba," ni Kasonde wí, "bú mi. Bú mi, jọ̀ọ́."

"Ó rẹ̀ mí."

"Bú mi lẹ́ẹ̀kan péré."

Yotamu ronú sí i. "Mo ń káàánú rẹ ni," ni ó wí. Ó ń mí láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. "Bí mo bá kú lóòótọ́, kí lo máa sọ? O ti lo èyí tó dára jù."

Kasonde rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi tẹrí mọ́ orúnkún, kò sì gbé e sókè mọ́.

Dókítà wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí oorun wà lójú rẹ̀. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ kan, ó wo ẹ̀rọ méjì tó ń ṣiṣẹ́, ó wo mẹ́ta tó dojú kọ ògiri, ó sì lọ. Nígbà tí aago méjì kù díẹ̀, Yotamu kò béèrè omi mọ́. Esnart nìkan ló mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé èjìká ara rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ Tandiwe, ó ń bá a sọ̀rọ̀ adìyẹ tí wọ́n ti jẹ tán báyìí. Èémí gùn, ó dúró, ó tún gùn. Èyí tó dúró tẹ̀ lé e kò gùn mọ́.

Ó pẹ́ kí ó tó jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò léjìká òun.

Kasonde ló pe ilé. Fóònù náà ń ké síta. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ìró ìkòkò, ọmọdé, àti ẹ̀rín àwọn obìnrin.

"Ta ni?" ni Màmá Zelipa wí. "Kasonde! Ìwọ ọmọ Bemba yìí, o kò tíì ṣe tán?"

"Màmá, ó ti lọ."

"Síbo? Sínú ihò eku?" Ó kọjú sí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Kasonde ni. Ó ní ó tún ti kú." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín." Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹkún ló ń sun.

"Ẹ gbọ́ ọ! Ó mọ̀ ọ́n ṣe o. Bó ṣe ṣe é lánàá gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Esnart gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá. Èmi ni."

Ẹ̀rín náà ń lọ sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jókòó sílẹ̀," ni Esnart wí.

Ó gbọ́ tí ọmọrí ìkòkò kan já. Ó ń dúró de igbe. Igbe kò wá. Wọ́n ti sunkún Yotamu tán láàárọ̀. Èyí tó kù kò tíì mọ ọ̀nà. Ó gbọ́ ohùn Tandiwe tó ń béèrè, "Kí ni wọ́n sọ? Màmá, kí ni wọ́n sọ?" Ó sì pa fóònù.

Wọ́n gbé Yotamu lọ sí ibi tí wọ́n ń gbé wọn lọ. Kasonde tẹ̀ lé wọn. Esnart dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ló wọ inú wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì dìde kíákíá, ó rò pé ìjà ti dé.

Mwangala ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, ó ń sunkún láìdún, omijé náà sì ń ṣàn wọ etí rẹ̀, nítorí ọwọ́ kan wà lára ẹ̀rọ, ó sì fi èkejì di àga mú. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ẹ̀rọ yẹn a máa kó ooru lára ènìyàn, ọ̀sán gangan á di òru Òkúdù, oṣù òtútù wọn, fún ẹni tó bá wà ní ìdí rẹ̀. Nígbàkígbà tí Yotamu bá wà níbẹ̀, bó ti wù kí ara ni í tó, ojú rẹ̀ a máa wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Esnart," ni yóò wí, "bá mi bo aládùúgbò mi. Ẹni tó bá ń gbọ̀n kò lè gbọ́ ẹ̀fẹ̀."

Ó ku bí ìdajì wákàtí kí ẹ̀rọ parí.

Esnart tú chitenge tó ró sórí aṣọ rẹ̀. Ó gbọn eruku Mandevu kúrò lára rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó fi bo ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti etí aṣọ náà sábẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀, ní apá ọ̀tún, lẹ́yìn náà ní apá òsì, kí atẹ́gùn má baà rí ibi wọlé.